Báàgì Orí Itan

Ìmeèlì náà kò ju ìlà méjì lọ. Social worker, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọmọdé, ní àwọn ti pa fáìlì ọmọ náà dé, ó ti padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Inú wa dùn lọ́jọ́ náà, tèmi ló tiẹ̀ pọ̀ jù. Èmi ni tíṣà tí wọ́n yàn fún àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ àbójútó ìjọba nílé ẹ̀kọ́ wa (ní England, òfin ló ní kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní irú ẹni bẹ́ẹ̀), mo sì ti jókòó sí ìpàdé lórí ọmọ yìí títí ìdí fi ń ro mí.

Ohun tí mi ò rò ni pé ìpàdé yẹn gan-an ló ń jẹ́ ká rántí rẹ̀. Nígbà tí fáìlì ṣì wà ní ṣíṣí, ẹnì kan á pè: ṣé ó wá lónìí, ṣé ó jẹun, ta ló wá mú un? Bí wọ́n ṣe pa á dé, fóònù dákẹ́.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi báàgì kọ́ ẹnu ọ̀nà, òun á gbé tiẹ̀ lé itan, á fi ọwọ́ òsì dì í mú, á máa fi ọ̀tún kọ̀wé. Ìwé á máa yọ̀ kiri lórí tábìlì, torí kò sí ọwọ́ tó máa fi tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kan mo ní kó lọ gbé e kọ́. Kò dáhùn. Mo bá nawọ́ sí i. Igbe tó ké lọ́jọ́ náà, mi ò tíì gbàgbé rẹ̀. Ó wọ abẹ́ tábìlì tòun ti báàgì, àfìgbà tí gbogbo kíláàsì jáde tán kó tó yọjú.

Ìyá rẹ̀ ló là mí lóye. Ọ̀dọ̀ alágbàtọ́ mẹ́ta ló ti gbé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó lọ sílé ẹ̀kọ́, ilé àwọn tí kò mọ̀ rí ló sùn lálẹ́. Ohun tó wà nínú báàgì nìkan ló bá a débẹ̀. Gbogbo ìpàdé tí mo ṣe yẹn, mi ò béèrè rí pé ibo ni wọ́n ti ń mú ọmọ yìí lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ráhùn díẹ̀. Láti 2018, òfin ti ní kí irú tíṣà bíi tèmi máa ṣètò fún àwọn ọmọ tó kúrò lọ́wọ́ ìjọba nítorí pé ẹnì kan gbà wọ́n ṣọmọ, tàbí tí ilé ẹjọ́ fà wọ́n lé ẹbí lọ́wọ́. Owó wà fún wọn lọ́dọọdún. Èyí tó kàn padà sílé ìyá rẹ̀ láìsí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ sọ ní 2019 pé àwọn ọmọ tó ti ní social worker rí ṣì ń gbẹ́yìn lẹ́nu ẹ̀kọ́, kódà lẹ́yìn tí social worker ti lọ. Ní 2021 wọ́n fi ọ̀rọ̀ àwọn wọ̀nyí kún iṣẹ́ Virtual School Head, ọ̀gá tó ń mójú tó ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ àbójútó ìjọba, tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo pe tiwa. Ìmọ̀ràn ló ní, kò ní owó.

Ìkọ́ kan ṣoṣo ni mo ní kí wọ́n kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ àga rẹ̀. Tí mi ò bá ní wá lọ́la, mo ń sọ fún un lónìí. Láàárọ̀, kó tó wọlé, mo ń sọ ẹni tó máa wá mú un.

Ó pẹ́ kí ọwọ́ méjèèjì tó dé orí tábìlì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sáré jáde lọ ṣeré, báàgì wà lórí ìkọ́. Mi ò pè é padà. Mo kàn jókòó ti báàgì náà títí ó fi dé.