Ẹ Bá Mi Dúpẹ́, Mo Padà Dé Bá Wọn

Ẹ bá mi yin Olúwa! Gbèsè ni ẹ̀rí yìí jẹ́ lọ́rùn mi. Inú agboolé tí wọ́n sé mi mọ́ ní Waterloo, lẹ́yìn Freetown, ni mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí mo bá fẹsẹ̀ ara mi rìn jáde, màá sọ ọ́ ní gbangba. Mo sọ ọ́ nínú ìjọ kékeré wa níbẹ̀, mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹ̀yin tó kù. Ẹ má bínú pé ó pẹ́.

Oṣù kìíní ọdún 2012 ni mo kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Sàró, tí wọ́n ń pè ní Sierra Leone, fún iṣẹ́ míṣọ́nnárì. Mi ò tíì bímọ nígbà náà. Àwọn ìbejì àbúrò mi obìnrin ni ọmọ tí mo mọ̀. Èmi ni mò ń wẹ̀ fún wọn, èmi ni mò ń pọn Kẹ́hìndé tí ara rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ le. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni wọ́n lọ́jọ́ tí mò ń lọ. Táyé gbé ẹsẹ̀ bàtà mi kan pamọ́ kí n má baà rí nǹkan wọ̀ jáde. A wá a títí, a ò rí i. Bàtà mìíràn ni mo wọ̀, mo sì ju ẹsẹ̀ kan tó kù yẹn sínú àpótí. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Èmi náà ò mọ̀.

Freetown kì í jẹ́ kí Yorùbá gbàgbé ilé. Àwọn Krió tí ọ̀pọ̀ baba ńlá wọn ti ilẹ̀ wa wá ṣì ń jẹ àkàrà àti ẹ̀gúsí, wọ́n ń wọ aṣọ ẹbí, "ashobi" ni wọ́n ń pè é. Tí wọ́n bá bímọ, wọ́n á ṣe "komojade". Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, wọ́n gbé ọmọ jòjòló ará ìjọ wa kan lé mi lọ́wọ́ ní komojade pé kí n gbàdúrà fún un. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n sọ Ìdòwú lórúkọ nílé, èmi ò sí níbẹ̀. Àdúrà ò jáde lẹ́nu mi, ẹkún ló jáde. Àwọn ènìyàn rò pé Ẹ̀mí ló bà lé mi, wọ́n ń ṣe àmín.

Mo máa ń fi Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther tu ara mi nínú. Ní 1822 ni wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ ní Freetown, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Ó di 1846 kó tó fojú kan ìyá rẹ̀, ní Abẹ́òkúta. Ọdún mẹ́rin péré ni èmi fẹ́ lò, kí ló wá ń pa mí lẹ́kún? Àmọ́ ìtàn Crowther kì í ṣiṣẹ́ lóru.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2014, wọ́n kéde Èbólà ní Sàró. Ilé ìwé tì, ọkọ̀ òfuurufú tí ì bá gbé mi wálé dáwọ́ dúró. Nígbà tó di oṣù keje, àrùn náà wọ Èkó, ni àhesọ pé omi iyọ̀ ń dènà rẹ̀ bá gba ìlú. Àbúrò mi jẹ́wọ́ pé òun ti fi omi iyọ̀ wẹ àwọn ọmọ. Nàìjíríà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù kẹwàá. Tiwa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń le ni.

Lóṣù kọkànlá, ara ìyá kan tó ń ta ewé ẹ̀gẹ́ nínú agboolé wa kò yá. Èmi ni mo bá a gbé garawa omi wọlé. Ọkọ̀ aláìsàn wá gbé e, kò padà wá mọ́. Wọ́n ta okùn yí wa ká, ṣọ́jà dúró lẹ́nu ọ̀nà: ọjọ́ mọ́kànlélógún. Láàárọ̀, lálẹ́, wọ́n á na ẹ̀rọ kan tó rí bí ìbọn sí wa níwájú orí láti mọ bí ara wa ṣe gbóná sí. Bí mo bá ti rántí garawa yẹn, ara mi á gbóná kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n.

Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún márùn-ún, wà pẹ̀lú wa. Òfin ni pé kí ẹnikẹ́ni má fara kan ẹnikẹ́ni. Ó ń sunkún ìyá rẹ̀ ní òdìkejì fàráńdà, mi ò sì gbọ́dọ̀ gbé e. Èmi tí mo pọn ìbejì!

Alaalẹ́ ni àbúrò mi ń pè. "Àǹtí mi, ara yín ńkọ́?" Mo ní, "A tel God tenki," bí àwọn Krió ṣe ń dáhùn. Ó ní, "Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá, kí n mọ̀ bóyá òótọ́ ni." Mi ò lè sọ ọ́. Mo ní kó fún àwọn ọmọ ní fóònù.

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Awẹ́ obì kan, à-jẹ-dọ́yọ̀ọ́. Kí ni o?" Táyé ló mọ̀ ọ́n: ahọ́n. Ìdòwú, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lọ́mọ ọdún méjì, gbà á lẹ́nu rẹ̀, láti ìgbà náà, àlọ́ yòówù kí n pa, "Ahọ́n!" ni yóò ké. Mo jẹ́ kí fóònù náà máa pariwo síta. Ní alẹ́ kẹrin, ọmọ òdìkejì fàráńdà tí kò gbọ́ Yorùbá gbé e pẹ̀lú wọn: "Ààlọ̀!"

Olúwa ṣé o. Ọjọ́ mọ́kànlélógún pé, ara ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbóná. Ìyá àgbà ọmọ náà wá mú un. Ẹni tó ń gbé ìrẹsì kalẹ̀ sẹ́yìn okùn fún wa, tí kò jẹ́ ká mọ òun, Ọlọ́run mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ keje oṣù kọkànlá ọdún 2015 ni wọ́n kéde pé Èbólà ti tán ní Sàró. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, mo wọ ọkọ̀ wálé. Àwọn ìbejì sáré pàdé mi, "Bíìgì Mọ́mì!" Ìdòwú sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Kò rí mi rí. Àbúrò mi ń fà á, mo ní kó fi í sílẹ̀. Mo lóṣòó sílẹ̀ pẹ̀lú báàgì lọ́rùn.

"Ààlọ́ o!"

Ó yọjú.

"Òkun ń hó yàà, ọ̀sà ń hó yàà, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́. Kí ni o?"

Ọmọrògùn ni, gbogbo yín mọ̀ ọ́n. Ìdòwú jáde lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ké e kíkankíkan:

"Ahọ́n!"