Ẹ fi làálì yà á ná: ohun tí tátúù géèmù kọ́ mi

"Àlùfáà wo ló ṣe tírà yìí fún ẹ?"

Ohun tí àbúrò bàbá mi bi mí nìyẹn níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìlọrin, lójú gbogbo àwọn àgbà tó yí àwo àmàlà ká. Mo ti ká apá aṣọ sókè kí ọbẹ̀ má baà kàn án, mo gbàgbé ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àlàájì di ọwọ́ mi mú, ó yí i síbi ìmọ́lẹ̀, ó ní kí ọ̀rẹ́ òun bá òun wò ó. Ìyẹn yọ awò ojú rẹ̀ lápò, ó wo apá mi títí, ó ní, "Ẹni tó ya èyí ò kéwú délé o." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Òkèlè wà lọ́wọ́ mi, mi ò lè fi sẹ́nu, mi ò lè dá a padà. Èmi náà wá wo apá ara mi bí ẹni tí kò gbá géèmù rí, mo rí i pé wọn ò purọ́ mọ́ mi.

Tátúù Triforce ni mo sanwó fún, àwọn onígun mẹ́ta aláwọ̀ wúrà mẹ́ta inú The Legend of Zelda, géèmù tí Nintendo kọ́kọ́ gbé jáde ní 1986. Ohun tó kù lára mi lẹ́yìn oṣù mẹ́rin ni onígun mẹ́ta kan ṣoṣo, etí rẹ̀ dúdú, inú rẹ̀ rí bí àpá iná tó ti pẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí ti ní àwòrán kan tẹ́ ẹ fẹ́ fín sára nínú fóònù. Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó ṣe pàtàkì jù bẹ̀rẹ̀, torí bí ẹ bá gbọ́ èyí tẹ́ ẹ ò gbọ́ ìyókù, ó tó: ẹ fi làálì ya àwòrán náà sára, kẹ́ ẹ gbé e rìn títí yóò fi ṣí, kí abẹ́rẹ́ tó kàn yín. Ìlọrin la wà. Obìnrin tó mọ làálì í lé kò wọ́n wa, láti Ọjà-Ọba dé Tánkẹ̀.

Làálì gbígbẹ tí wọ́n gún, tí wọ́n sì kù kúnná, ni kí wọ́n lò. Kí wọ́n fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pò ó, kí wọ́n fi ṣúgà díẹ̀ sí i kó lè lẹ̀ mọ́ ara, kí wọ́n sì bò ó fún wákàtí mélòó kan kí àwọ̀ rẹ̀ lè jáde. Kóònù tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín ni wọ́n ń fi yà á. Ó yẹ kó wà lára fún wákàtí 6 sí 8, kí omi má kàn án. Nítorí àlùwàlá, ẹ lé e lẹ́yìn ìrun Íṣáì. Kí ilẹ̀ tó mọ́ fún Àsùbáà, ẹ ti lè ha á kúrò. Ọjọ́ kejì ló máa ń pọ́n dáadáa. Kì í pọ́n lápá tó bó ṣe ń pọ́n látẹ́lẹwọ́, àmọ́ kò burú, bí àwòrán náà ṣe rí lẹ ń wá. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, á ti ṣí.

Ẹ má gba làálì dúdú o, èyí tí wọ́n po dáì irun mọ́. Kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní PPD wà nínú dáì dúdú, ó lè bó ara, ó lè mú iléròrò wá, àpá rẹ̀ sì lè máà lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, bó bá tún kun irun lọ́jọ́ iwájú, ara náà á rántí.

Bí làálì bá ti wà lára, ẹ dúró níwájú dígí, ẹ sọ apá sílẹ̀, ẹ wò ó láti bí ìṣísẹ̀ mẹ́rin. Ẹ fi han ẹni tí kò mọ géèmù rárá, kẹ́ ẹ bi í pé kí lèyí. Ẹ má ràn án lọ́wọ́. Bó bá ní tírà ni, tírà ni. Ká ní mo ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀fẹ́ ni Àlàájì ì bá bi mí ní ìbéèrè yẹn, á sì ti ṣí kúrò kí oṣù tó parí.

Àwọ̀ ló kọ́kọ́ ba tèmi jẹ́. Inki tátúù kì í gbé ojú awọ. Awọ kejì tó wà nísàlẹ̀ ló ń gbé, bíi mìlímítà kan sí méjì sínú. Awọ òkè tó bò ó ló ní dúdú tí Ọlọ́run fi jíǹkí wa. Bí ẹ bá wo inki, inú dúdú yẹn lẹ ti ń wò ó, bí ẹni ń wo nǹkan nísàlẹ̀ ife tíì tí kò ní mílíìkì. Òfeefee àti funfun ló ń sọnù jù níbẹ̀. Inki náà lè jẹ́ ojúlówó, kò ní dán lára ẹni tó dúdú bíi tèmi. Dúdú ló ń jáde jù lọ, pupa tó jinlẹ̀ àti búlúù tó jinlẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Ara yín gan-an ni kẹ́ ẹ lò bí àwọ̀ kejì: ẹ jẹ́ kí wọ́n fi dúdú kun ibi tó yẹ kó ṣú, kí wọ́n fi ibi tó yẹ kó mọ́lẹ̀ sílẹ̀ láìfín in.

Ìwọ̀n ló tẹ̀ lé e. Gbogbo tèmi fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 3.5, àyè tó wà níbi tí orígun wọn ti súnmọ́ra kò ju mìlímítà kan lọ. Inki máa ń tàn díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ẹ má jẹ́ kí àyè kankan dín sí mìlímítà 3. Tèmi kò tilẹ̀ dúró de ọdún. Abẹ́rẹ́ 3RL, mẹ́ta tí wọ́n so pọ̀, ni ẹni tó fín in lò, ó ń gba ojú ìlà kan náà lẹ́ẹ̀mẹta torí pé kò hàn tó lójú rẹ̀. Ó wọlé jù. Inki tó bá wọlé jù á bọ́ sínú ọ̀rá abẹ́ awọ, á sì tàn bí ìgbà tí báírò bá kán sórí tíṣù. Inú apá tí awọ ti fẹ́lẹ́ ló ti máa ń ṣẹlẹ̀ jù. Ìlà géèmù nípọn, 7RL tàbí 9RL ló yẹ ẹ́, kó gbà á lẹ́ẹ̀kan kó kúrò níbẹ̀. (Ẹ má sọ pé owó pọ́ọ́kú ni mo wá lọ. Mi ò ná an.)

Àwòrán wo ló wá bá ara wa mu? Èyí tí wọ́n fi onígun mẹ́rin kéékèèké tò ni mo fẹ́ràn jù. Alákàn inú Space Invaders, géèmù Taito ti 1978, jẹ́ onígun mẹ́rin 11 ní ìbú, 8 ní gíga. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ mìlímítà 4, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ mìlímítà 44 sí 32. Ó bá ẹ̀yìn apá mu, dúdú nìkan ló sì nílò. Ojú Creeper, ẹ̀dá aláwọ̀ ewé inú géèmù Minecraft, jẹ́ 8 sí 8. Ẹ yọ àwọ̀ ewé kúrò, ẹ fín ojú àti ẹnu nìkan, gbogbo ọmọ géèmù á dá a mọ̀. Àmì mẹ́rin orí páàdì PlayStation rọrùn, ìtàn rẹ̀ sì dùn: Teiyu Goto tó ṣe é ní onígun mẹ́ta dúró fún ojú tí a fi ń wo nǹkan, onígun mẹ́rin fún ìwé, òbìrípo fún bẹ́ẹ̀ ni, àmì X fún rárá. Àmọ́ ẹ má fín in sí ìka ọwọ́, awọ ibẹ̀ ń pààrọ̀ kíákíá, inki kì í pẹ́ níbẹ̀. Dírágónì Mortal Kombat ti 1992 náà dára, bó bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 8.

Ní ti Kratos, jagunjagun inú géèmù God of War, ìlà pupa tó gba ojú òsì rẹ̀ dé apá yẹn ń tàn nítorí pé eérú ló sọ ara rẹ̀ di funfun. Àwa ò fi eérú para. Lára wa, á ṣú bí osùn gbígbẹ, pupa sì ni inki tí ara ń kọ̀ jù. Ẹ fi làálì yà á ná kẹ́ ẹ rí i, torí àwọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo àpá abẹ́rẹ́ àjẹsára ìgbà ọmọdé tó wà ní èjìká yín, àti ojú gbẹ́rẹ́ bó bá wà. Bó bá lé, tó wú sókè, ẹ fi tátúù sílẹ̀, pàápàá láyà àti èjìká. Iṣẹ́ ológun ilẹ̀ yìí náà kì í fẹ́ tátúù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbèrò rẹ̀. Abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun tí wọ́n tú lójú yín, ife inki kékeré náà bákan náà. Àrùn ẹ̀dọ̀ àti HIV kì í bẹ̀rù iná àbẹ́là. Kí wọ́n tó fi bébà tẹ àwòrán sára, ẹ dìde, ẹ sọ apá sílẹ̀. Orí tábìlì ni wọ́n ti tẹ tèmi, ìgbà tí mo nà án ló wọ́.

Ìtọ́jú kò le. Ọṣẹ tí kò ní lọ́fínńdà, omi mímọ́, lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, kẹ́ ẹ fi tíṣù tẹ̀ ẹ́ gbẹ, kẹ́ ẹ fi ìpara fẹ́ẹ́rẹ́ sí i. Òrí dára lẹ́yìn tó bá ti jiná, kì í ṣe lójú egbò. Omi àlùwàlá tó ń ṣàn kọjá kì í ṣe wàhálà, rírì í sínú omi ni kò dáa. (Àwọn àlùfáà ti sọ tiwọn lórí tátúù, mo gbọ́, ẹ má tún un sọ fún mi.) Lásìkò ọyẹ́, eruku àti gbígbẹ á fẹ́ kẹ́ ẹ họ ọ́, ẹ má họ ọ́. Bó bá ń gbóná sí i lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, tó ń ṣe ọyún, ilé ìwòsàn ni. Ẹ má tú kápúsù sójú rẹ̀.

Tèmi ti ní àtúnṣe. Ẹlòmíì ló bá mi ya Triforce tuntun, sẹ̀ǹtímítà 8, dúdú látòkè délẹ̀, ó wá fi onígun mẹ́ta tòkè bo gbogbo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀. Wákàtí méjì ló gbà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi jiná. Mo fi làálì yà á ná lọ́tẹ̀ yìí, ọjọ́ 10 ni mo fi gbé e rìn. Àlàájì rí i lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní tírà náà ti dàgbà.