Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń kọ̀wé tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ó pé ọdún mẹ́jọ lóṣù yìí tí mo ti ń fi ìwé kíkọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì jẹun. Ẹ̀kọ́ márùn-ún ni mo fẹ́ kà sílẹ̀ fún yín.

Èkíní, ẹ gba ìdajì owó kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Èkejì, ohun táwọn èèyàn ń wá ni kẹ́ ẹ kọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 tí ìjọba pàṣẹ pé ká so NIN pọ̀ mọ́ síìmù, mo kọ àlàyé kékeré kan: ibi tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀, àti bí ẹni tó gbàgbé nọ́ńbà mọ́kànlá rẹ̀ ṣe máa tẹ *346#. Kò sí ariwo kankan nínú rẹ̀, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kà á, ọdún gorí ọdún.

Ẹ̀kẹta ni àkọlé. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Lọ́dún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, mo ń kọ̀wé fún ọ̀gá kan tó ní ìkànnì ìròyìn. ₦500 ló ń san lórí ẹgbẹ̀rún òǹkàwé kọ̀ọ̀kan. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé àgbà òṣèré kan ti kú. Mo ní kí n wádìí. Ó ní, "Kó o tó wádìí tán, àwọn yòókù á ti gbé e." Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mo ti kọ ọ́ tán, mo fi "Èèmọ̀ rè é!" ṣíwájú àkọlé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, òǹkàwé ti tó 40,000. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà tí mo ti ń ṣírò ₦20,000 mi.

Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ pè mí. Obìnrin ni. "Bọ̀ọ̀dá, bàbá mi ló ń mu ògì níwájú mi yìí. Àbúrò wọn tó wà nílé ti dákú nítorí ohun tẹ́ ẹ kọ." Ló bá gbé fóònù fún bàbá náà. Wọn ò bú mi, wọn ò ṣépè. Ohùn wọn tí mo ti ń gbọ́ nínú fíìmù láti kékeré ló bi mí pé, "Ọmọ ta ni ẹ́?"

Mi ò lè dárúkọ bàbá mi. Mo pa fóònù.

Ọ̀gá yẹn yọ ìròyìn náà kúrò, ó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, ó sì fi orúkọ mi sínú rẹ̀ pé òun ti lé mi. Kò san kọ́bọ̀ títí dòní, inú mi ò sì tíì yọ́ sí i. Oṣù márùn-ún gbáko ni mi ò fi ríṣẹ́, torí ẹnikẹ́ni tó bá wá orúkọ mi, ìwé ẹ̀bẹ̀ yẹn ló kọ́kọ́ ń rí.

Mi ò lè ka ẹ̀kọ́ tó kù mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín kọ irú àkọlé ikú bẹ́ẹ̀ nípa ìyá kan tó ṣì wà láàyè. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbé e. Màá tún pè é lálẹ́ yìí.