Kí ajá tó dé

Òjò rọ̀ láàárọ̀, mo lọ sí ọjà Badung níbí ní Bali, mo ra ata, mo padà sílé. Kò sí nǹkan mìíràn. Àmọ́ gbólóhùn kan tí ìyá onílé wa sọ ti há sí mi lọ́kàn látàárọ̀.

Wọ́n gbé canang, ẹbọ òdòdó inú agbọ̀n kékeré, sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ìṣe wọn, wọ́n fi ọwọ́ fẹ́ èéfín tùràrí sí i, wọ́n wọ́n omi mímọ́. Wọn ò tíì yí ẹ̀yìn tán tí ajá àdúgbò fi dé, ó ti kó bisikíìtì orí rẹ̀ jẹ. (Ó fi sìgá tó wà níbẹ̀ sílẹ̀. Ajá tó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀.) Àlejò tó gba yàrá iwájú bú sẹ́rìn-ín. Ìyá ò tilẹ̀ wojú rẹ̀.

“Àwọn tó ni ín ti gbà á kí ajá tó dé.”

Ọ̀rọ̀ yẹn kọ́kọ́ tù mí lára. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ń bí mi nínú. Wọ́n ti gbà á, ta ló rí wọn?

Alẹ́ àná ni ìyá àti ọmọ wọn obìnrin jókòó ti màrìwò àgbọn, tí wọ́n ń hun ún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òdòdó funfun, ìlà-oòrùn, ti òrìṣà Iswara. Pupa, gúúsù, ti Brahma. Yẹ́lò, ìwọ̀-oòrùn, ti Mahadeva. Àríwá ni ti Wisnu. Kò sí èyí tí wọ́n kàn jù síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ èyí tí wọ́n gbé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣe ti òrìṣà, ti bhuta kala ni, àwọn tí à bá pè ní ajogun nílé. Gbogbo ìnira yẹn nítorí ajogun! Lọ́la, wọ́n á gbá a dànù, wọ́n á tún gbé òmíràn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ ibi tí mò ń lọ. Iṣẹ́ mi yẹn ni. Ẹni tó gbé e lọ, tó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, yẹn náà ni.

Ó dáa, mo mọ̀ pé jíjẹ kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ní ọdún Galungan, tó ń yípo ní ọjọ́ 210, wọ́n máa ń to èso àti àkàrà gogoro, wọ́n á rù ú lọ sí pura, ilé òrìṣà wọn, wọ́n á sì rù ú padà wálé wá jẹ. Lungsuran nìyẹn, àjẹkù òrìṣà, oúnjẹ ire. Èmi náà ti jẹ níbẹ̀, mo sì bu kún un. Bóyá ajá náà ń jẹ lungsuran tirẹ̀ ni…

Rárá. Mi ò gbà fún un. Ajá ò fi orúkọ ara rẹ̀ sórí canang.

Ohun tí mo fẹ́ bi ìyá gan-an ni pé, bí ajá bá dé kí wọ́n tó ṣáná sí tùràrí ńkọ́? Nítorí tèmi, mi ò tíì tan iná rárá tí ẹni yẹn fi gbé e lọ.