Yangí àti àwọ̀ pupa: ó ti mú, ṣùgbọ́n tébù mi ò tíì gbà

Tébù kan ni mo ń kọ láti mọ bí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń di oògùn oko mú tó; àwọ̀ ni mo ń pò mọ́ ilẹ̀ àti omi nínú ìgò dípò oògùn. Ó mú o! Àwọ̀ kéèkì pupa tó ti ń fojú mi gbolẹ̀ láti ọjọ́ yìí ti lẹ̀ mọ́ yangí lálẹ́ àná. Omi òkè ìgò náà mọ́ débi pé mo gbé ìwé sẹ́yìn rẹ̀, mo sì ń kà á geere.

Àwọn tó ti parí ná: iyanrìn odò ò dá nǹkan kan dúró. Ilẹ̀ dúdú ẹ̀yìnkùlé gbé methylene blue mì, ìyẹn àwọ̀ búlúù tí mo ń lò dípò oògùn apakoríko paraquat (NAFDAC ti fòfin dè é láti 2024, èmi náà ò sì fẹ́ ẹ nínú ilé mi).

Wàhálà wà lọ́dọ̀ pupa. Ìlànà Karickhoff, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ti 1979 tí mo fi kọ tébù, log Koc = log Kow − 0.21, òróró ló ń wò: bí kẹ́míkà bá ṣe fẹ́ràn òróró ju omi lọ tó (Kow), bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe lẹ̀ mọ́ ewé àti gbòǹgbò tó ti jẹrà sínú ilẹ̀ tó (Koc). Ó dáa fún kẹ́míkà tí kò ní iná mànàmáná pọ́sítíìfù tàbí nẹ́gátíìfù lára. Ẹ wá fi glyphosate, oògùn apakoríko, sí i. Log Kow rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí −3.2, tébù á ní Koc rẹ̀ ò ju 0.0004 lọ, àfi bíi pé òjò àkọ́kọ́ ló máa gbá a lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n, ó lé ní ẹgbẹ̀rún! Òróró kọ́ ló dì í mú. Fọ́sífọ́nétì ara rẹ̀, apá tó ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ló ń rọ̀ mọ́ irin àti àlùmíníọ́ọ̀mù inú ilẹ̀. Ìdí tí mo fi mú àwọ̀ kéèkì nìyẹn: ó ń yọ́ nínú omi, nẹ́gátíìfù ni, ojú sì ń rí i.

Irin ló pọ̀ nínú yangí, ojú irin yìí a sì máa di pọ́sítíìfù bí omi bá kan, ìyẹn bí ásíìdì bá wà nínú rẹ̀. Ni mo bá ń fún òroǹbó wẹ́wẹ́ sí i. Kò mú. Mo fi kún un, ó tún wá burú sí i, èyí tó ti lẹ̀ díẹ̀ ń padà sínú omi. Tèmi ni pé ásíìdì inú òroǹbó fúnra rẹ̀ ń bá àwọ̀ du ààyè lórí irin, ó sì ń borí. Mo pa òroǹbó tì, mo fi fínígà rọ́pò (funfun ni kí ẹ rà, èyí tó pọ́n máa da kámẹ́rà fóònù tí mo fi ń wo bí àwọ̀ ṣe pọ̀ tó láàmú). Kíá ló mú. Mo rọ omi eérú sínú ìgò kan náà, pupa tú jáde. Ẹni tó bá wá sọ pé ilẹ̀ kan, Kd kan (ìwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe ń mú kẹ́míkà tó), kó wá wo ìgò yìí.

Ẹni tó ní kí n fi álọ́ọ̀mù sí i kó lè tètè silẹ̀ bí omi kànga, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe. Álọ́ọ̀mù náà á kó àwọ̀ mọ́ra, a ò ní mọ èyí tí ilẹ̀ mú. Bébà tí wọ́n fi ń sẹ́ kọfí náà ò ṣeé lò, ó ń mu methylene blue. Ẹ jẹ́ kó silẹ̀ mọ́jú.

Ẹfun ni mo fẹ́ fi ṣe ìgò tó kàn, amọ̀ tí irin inú rẹ̀ ò tó nǹkan. Bí ẹ bá ń rà á lọ́wọ́ ìyá eléwé ọmọ, ẹ kán fínígà sí i kí ẹ tó sanwó. Bó bá hó, ṣọ́ọ̀kì ni.

Àbí kí ẹfun dúró ná? Bí òroǹbó bá lè lé àwọ̀ kúrò lórí irin, fọ́sífétì inú ajílẹ̀ ńkọ́? Irin kan náà ni òun àti glyphosate jọ ń dù. Àgbẹ̀ tó fọ́n oògùn apakoríko, tó wá da NPK lé e lórí, ó ṣeé ṣe kó ti ṣí ilẹ̀kùn fún oògùn náà láti bá omi lọ. Mo ti rẹ NPK díẹ̀ sílẹ̀, orí yangí tí fínígà wà nínú rẹ̀ ni màá dà á sí. Mo sì ti fa kọ́lọ́ọ̀mù tuntun méjì sínú tébù: pH (bí omi ṣe kan tó) àti fọ́sífétì. Kow ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti gbé e sí ìparí.