Kí Kọnkéré Tó Bò Ó

Irin 16mm ni a fi sínú òpó yẹn. Mo mọ̀, nítorí èmi fúnra mi ni mo dúró ti ayọ́nbẹ́ńdà nígbà tó ń so ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnì kan lọ sọ fún bàbá onílé pé irin 12mm ni a fi kọ́ ilé òun, ẹnu mi nìkan ni ẹ̀rí tí mo ní. Mo ti fi fóònù ya iṣẹ́ náà lóòótọ́, àmọ́ fóònù ọ̀hún ti bọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù omi ní sáìtì, kò jí mọ́, gbogbo àwòrán inú rẹ̀ sì bá a lọ. Ọjọ́ méjì gbáko ni a fi ṣísẹ́ẹ̀lì gbẹ́ ìdí òpó kan kí irin tó yọjú. 16mm ni. Bàbá bẹ̀ mí, mo sì gbà fún wọn, ṣùgbọ́n a ti fọ́ òpó tó ti le dáadáa nítorí àwòrán kan ṣoṣo.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi kámẹ́rà oní-fíìmù ya gbogbo ohun tí a bá fẹ́ bò mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Osaka ní Japan ló rà á bọ̀ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta kámẹ́rà àlòkù. Tòkunbọ̀ gidi ni. Konica ló ṣe é, orúkọ tí wọ́n sì sọ ọ́ ni Genba Kantoku. Ẹ̀gbọ́n mi túmọ̀ rẹ̀ fún mi: genba ni ibi iṣẹ́, kantoku ni ẹni tó ń bójú tó o. Ọ̀gá sáìtì nìyẹn.

Ọdún 1988 ni èyí àkọ́kọ́ nínú irú rẹ̀ jáde ní Japan. Konica yìí kan náà ló ti gbé C35 AF jáde ní 1977, kámẹ́rà àkọ́kọ́ lórí àtẹ tó ń fúnra rẹ̀ mú àwòrán ṣe kedere láìjẹ́ pé èèyàn ń fọwọ́ yí lẹ́ńsì. Ṣùgbọ́n kí ló mú wọn jókòó ṣe kámẹ́rà fún ọ̀gá sáìtì? Ní Japan, ẹni tó bá gba iṣẹ́ ìjọba, yálà títì ni tàbí afárá, yóò kó àwòrán ìpele iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún ẹni tó gbéṣẹ́ fún un, pàápàá ohun tí ojú kò ní rí mọ́ bí iṣẹ́ bá parí: irin inú kọnkéré, páìpù abẹ́ ilẹ̀, bí kòtò ìpìlẹ̀ ṣe jìn tó. Wọn kì í sì kàn yà á lásán. Pátákó dúdú kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní kokuban, ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ náà ni wọ́n ń gbé e sí. Orúkọ iṣẹ́, ibi tó wà, ọjọ́, ìwọ̀n irin, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ sára rẹ̀. Wọn á na tépù sí i, wọn á wá yà á. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, ọkàn mi padà sí òpó tí a gbẹ́. Àwọn kan ti mú ọ̀rọ̀ yìí ní kókó kí n tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni.

Ẹni tó bá mọ ìdí tí wọ́n fi ń ya àwòrán náà ni yóò mọ ìdí tí kámẹ́rà náà fi rí bó ṣe rí. Bọ́tìnnì rẹ̀ tóbi nítorí ọwọ́ tó wọ gílọ́ọ̀fù ni yóò tẹ̀ ẹ́. Gíláàsì wà níwájú lẹ́ńsì kí eruku símẹ́ǹtì má bàa rí i bá jà. Tèmi ni 28WB, èyí tó jáde ní 1994, lẹ́ńsì rẹ̀ sì jẹ́ 28mm, ìyẹn ni pé ojú rẹ̀ fẹ̀. Ẹni tó bá ti dúró nínú kòtò ìpìlẹ̀ rí yóò mọyì èyí, torí kò sí ẹ̀yìn níbẹ̀ tí èèyàn lè sún sí kí gbogbo iṣẹ́ tó wọ inú àwòrán.

Èyí tó dùn mí jù ni mo fẹ́ sọ báyìí, kí ẹ lè fi tèmi ṣọ́ra. Wọ́n sọ fún mi pé òjò kò ràn án, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí ẹrẹ̀ bò ó, mo gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ omi, mo ṣàn án bí ẹni ṣan bàtà sáìtì. Nígbà tí mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ nílé, omi ti wọlé. Fíìmù tó wà nínú rẹ̀ ni mo fi ya ìpìlẹ̀ ilé kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbogbo rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ra wọn. Rọ́bà tó wà létí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ló fà á. Rọ́bà tó ti lé lọ́dún 25 kò lè ṣiṣẹ́ tó ń ṣe nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun. Nítorí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà, ẹ fi ìka tọ́ rọ́bà yẹn yíká. Bó bá sán, tó gan, tàbí tó ń lẹ̀ mọ́ ìka, ẹ mọ̀ pé omi yóò ráyè. Kódà èyí tí rọ́bà rẹ̀ ṣì dára, omi tó ń ta sí i nìkan ló lè kojú. Kò sí lára irú Nikonos tí wọ́n ń gbé wọ inú òkun. Aṣọ tútù ni mo fi ń nu tèmi báyìí.

Ẹ má sì ra èyí tí ẹni tó ń tà á kò bá tíì dán wò. Konica dara pọ̀ mọ́ Minolta ní 2003, nígbà tó sì di 2006 wọ́n fi iṣẹ́ kámẹ́rà sílẹ̀ pátápátá. Inú kámẹ́rà mìíràn tó ti kú ni ẹni tó fẹ́ tún un ṣe yóò ti wá ohun tó máa fi tún un ṣe.

Irin máa ń da ojú kámẹ́rà rú. Bí ẹ bá dojú rẹ̀ kọ irin tí a so fún dẹ́kìn, ó lè gba àlàfo àárín irin kọjá, kó lọ mú ohun tó wà lẹ́yìn. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń dojú rẹ̀ kọ pátákó, mo ń tẹ bọ́tìnnì dé ìdajì kí ojú rẹ̀ lè dúró síbẹ̀, mo wá ń yí padà síbi tí mo fẹ́ yà kí n tó tẹ̀ ẹ́ parí. Fíìmù 400, irú èyí tí kò nílò ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, ni mo ń lò, torí abẹ́ dẹ́kìn máa ń ṣókùnkùn, fìláṣì kámẹ́rà kékeré kì í sì lọ jìnnà. Inú mọ́tò ni mo ti ń pààrọ̀ fíìmù, tí gíláàsì wà ní títì, nítorí bí ẹ bá ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà nínú atẹ́gùn sáìtì, símẹ́ǹtì ni yóò kọ́kọ́ wọlé. Àmọ́ ẹ má fi fíìmù sílẹ̀ nínú mọ́tò náà, oòrùn wa yóò bà á jẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ìgbà yẹn tó ń tẹ ọjọ́ sára àwòrán kì í ka ọdún kọjá 2019, tèmi sì wà lára wọn. Ó bí mi nínú díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ mí di ẹni tó ń lo pátákó. Káfẹ́ńtà wa gé páláńkì pẹlẹbẹ kan fún mi, mo kùn ún ní dúdú. Àwòrán méjì ni mo ń yà fún ohun kan: ọ̀kan láti òkèèrè kí a lè mọ ibi tó wà nínú ilé, ọ̀kan nítòsí pẹ̀lú tépù kí a lè ka ìwọ̀n rẹ̀. Mo ṣì ń fi fóònù yà á pẹ̀lú kí n lè tètè fi ránṣẹ́ sí onílé lórí WhatsApp. Ti fíìmù ni tọjọ́ iwájú. Tí mo bá sì kó o fún àwọn tó ń fọ fíìmù ní Èkó, mo máa ń tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n dá nẹ́gẹ́tíìfù padà fún mi. Nẹ́gẹ́tíìfù yẹn gan-an ni ẹ̀rí.

Lóṣù tó kọjá, púlọ́ńbà kan fẹ́ lu ògiri ilé ìdáná ní ilé tí a ti kọ́ parí láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ìyá onílé pè mí pé, "Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni páìpù gbà?" Mo ṣí álíbọ́ọ̀mù. Pátákó wà nínú àwòrán, tépù wà níbẹ̀, páìpù náà sì wà ní sẹ̀ǹtímítà 40 sí férémù ìlẹ̀kùn. Mo kà á fún wọn lórí fóònù. Púlọ́ńbà sún ẹ̀rọ rẹ̀ sápá ọ̀tún, ó sì lu ògiri.