Ẹ Má Kọ Orúkọ Ṣọ́ọ̀bù Yín Sáàárín Ògiri Ọmọdé

Ọ̀dà ni mò ń tà ní Òṣogbo, òun ló jẹ́ kí àwọn ọmọ àdúgbò máa pè mí ní Ìyá Ọlọ́dà. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ gbé ọ̀dà fún ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi, pé kí àwọn ọmọ fi ya àwòrán sára fẹ́ńsì, orúkọ ṣọ́ọ̀bù ni mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ kọ, gàdàgbà, sáàárín gbùngbùn. Àwòrán àwọn ọmọ wá fún pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bí èrò inú dáńfó. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń gba owó sáìnbọ́ọ̀dù fi dé. Mo ní iṣẹ́ ọmọ ilé-ìwé ni. Ọ̀kan nínú wọn wo ògiri, ó wò mí, ó ní, "Mà, èwo ni iṣẹ́ ọmọ níbẹ̀?"

Inú bí mi, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Láti ìgbà náà, orúkọ mi ò ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ, nísàlẹ̀, ní igun. Ọjà ò torí ẹ̀ kú. Àwọn òbí tó ń wá mú ọmọ nílé-ìwé mọ ẹni tó gbé ọ̀dà wá.

Lọ́dún kejì, mo háyà ayàwòrán kan. Ó ya gbogbo rẹ̀ tán, àwọn ọmọ kàn ń kun inú ẹ̀ ni. Ó rẹwà, àmọ́ nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, kò sí ọmọ tó tún bojú wò ó. Ní báyìí, ṣọ́ọ̀kì la kọ́kọ́ ń pín fún wọn. Kí ayàwòrán pín àyè, kó po ọ̀dà, ó parí. Ọmọbìnrin kan ya ìyá rẹ̀ àgbà nídìí agbada àkàrà, ọwọ́ màmá gùn ju ara lọ. Ayàwòrán fẹ́ gé e kúrú. Ọmọ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ yẹn ni wọ́n fi ń dín in." Mo ní kó fi í sílẹ̀.

Ẹ gbọ́ ti ògiri o, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò. Ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, ẹ jẹ́ kó tó ọjọ́ 28 kí ọ̀dà tó kàn án, símẹ́ńtì tutù máa ń jẹ àwọ̀. Ti àtijọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á dáadáa. Oṣù Kẹfà la ya tiwa àkọ́kọ́. Òjò alẹ́ ọjọ́ náà gbé gbogbo ẹja tí wọ́n yà lọ sínú gọ́tà. Oṣù Kìíní sí Ìkejì ló dáa: àwọn ọmọ ti wọlé, òjò ò tíì dé. Emulsion ni kí ẹ rà, kì í ṣe gloss. Omi lásán ló ń ṣí emulsion kúrò lọ́wọ́ ọmọ. Gloss ń fẹ́ kẹrosíìnì, òórùn rẹ̀ ń fọ́ni lórí, òmíràn sì ní òjé tí kò dáa fún ọpọlọ wọn. Èmi tí mò ń tà á ló sọ bẹ́ẹ̀.

Àbúrò ọkọ mi bi mí pé kí ló kan ọlọ́dà nínú ẹ̀kọ́ àwòrán. Mo ní ṣé Òṣogbo yìí kọ́ ni? Ilé ọtí Dúró Ládiípọ̀, Popular Bar, ló di Mbari Mbayo, ibùdó àwọn ayàwòrán àti òṣèré, lọ́dún 1962. Jimoh Buraimoh, iná ìtàgé ló ń bójú tó nínú ẹgbẹ́ òṣèré Ládiípọ̀ kó tó di ayàwòrán tí ayé mọ̀. Kò tún fèsì.

Ohun tó kù ni pé kí ẹ ya owó àtúnkùn sọ́tọ̀. Ó kọ́kọ́ ń dùn mí láti pa iṣẹ́ ọmọ rẹ́, àfìgbà tí mo rántí Ilé-Ifẹ̀, níbi tí àwọn obìnrin ti ń tún ògiri ojúbọ Òrìṣà Ìkìrè kùn lọ́dọọdún. Tọdún yìí ni a fi funfun bo àkàrà yẹn. Ọmọ náà ti wọ JSS1, síbẹ̀ ó wá, òun fúnra rẹ̀ ló di búrọ́ọ̀ṣì mú. Ó kun gbogbo rẹ̀, ó ku ọwọ́. Mo ní kí ló dé? Ó ní ọ̀dà ti tán.

Ọ̀dà ò tán o. Mò ń wo inú bọ́kẹ́ẹ̀tì.